Ojú Kan, Àkántì Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025
Èmi àti Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé sí Ìgbó-Ọrà ni. Dókítà ní òun lè bó awọ funfun tó bo ojú Màmá méjèèjì, ṣùgbọ́n iye tó dá fún wa lọ́dún tó kọjá ti lé. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ní, ó ṣì ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án náírà. Èyí tí èmi àti Táyé, ìkejì mi, ti ń dá jọ láti ọdún méjì wà lọ́wọ́ Táyé nílùú Tápà. Òun ló ń ta láfún, òun ló mọ owó í pa mọ́. Èmi olùkọ́ — owó oṣù mi kì í sùn mọ́jú.
Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní 10 Ẹrẹ́nà.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé
Mo ti forúkọ sílẹ̀ nílé tẹ́tẹ́ kan lórí fóònù. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Aláwọ̀-Ewé ni n ó máa pè é. Ojú tì mí díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé
Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ ará Igangan, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ṣé ó ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè? Ó ní. Ṣé wọ́n ń gbé e? Wọ́n gbé e. Àṣẹ ìjọba ńkọ́? Ó wà nísàlẹ̀, lẹ́tà tín-ín-rín. Mo fi ẹgbẹ̀rún kan sí i, mo ta ọgọ́rùn-ún péré, mo ní kí wọ́n dá ìyókù padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti dé.
Mo bi Malachi, olùkọ́ ìṣirò wa. Mo ní ọmọ àbúrò mi kan ló fẹ́ mọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní olè tó gbọ́n kì í jí ẹgbẹ̀rún kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé
Táyé wá bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rù. Mo bi í léèrè owó ojú Màmá, ó ní ó wà níbi tí owó ń wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ti lọ. Owó gáàsì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé
Mo jẹ. Nọ́ńbà mẹ́ta jáde bí mo ṣe tò wọ́n — ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé ni mo wà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń pariwo lẹ́yìn ògiri. Màmá á ríran. Mo sọ ọ́ síta.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé
Wọ́n ní kí wọ́n tó san irú iye bẹ́ẹ̀, àwọn gbọ́dọ̀ rí ojú mi. Mo gbé ojú sí fóònù, mo yíjú, mo ṣẹ́jú, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Èsì wọn: ojú yìí ti ní àkántì lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kò lè ní méjì. Wọ́n ti ti owó mi pa.
Malachi tọ̀nà. Olè ni wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé
Ẹni tó ń fèsì fún wọn ń jẹ́ Purity. Mo kọ̀wé sí i pé Ìgbó-Ọrà ni mo wà. Nínú kíláàsì mi nìkan, ìbejì mẹ́rin ló wà, a kì í fi ojú nìkan dá ènìyàn mọ̀ níbí. Ó bi mí bóyá èmi náà ní ìkejì. Mo ní mo ní, ṣùgbọ́n fóònù tiẹ̀, orin ẹgbẹ́ akọrin ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì ya fọ́tò pọ̀, kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Mo bú u. Mo ní orí Fésíbúùkù ni wọ́n ti jí ojú Táyé.
Kò bú mi padà. Ó tún ọ̀rọ̀ fọ́tò sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Tápà. Ẹ̀yìn àpò láfún ni mo ti jẹ́wọ́ fún Táyé pé mo ń ta tẹ́tẹ́, pé mo jẹ, pé wọn ò sanwó, pé wọ́n ní ojú mi ti ní àkántì. Mo ń retí ìwàásù. Kò wàásù. Ó wọlé, ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde — mi ò tíì dárúkọ káàdì.
“Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè,” ló wí.
Oṣù Bélú ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ Aláwọ̀-Ewé. Nọ́ọ̀sì kan ti ta á lólobó pé owó á lé, ó fẹ́ dí i kí n tó gbọ́. Gbogbo owó tí a dá jọ ti tán ṣáájú Kérésì. Ọdún méjì gbáko.
A ya fọ́tò náà. Mo wò ó lórí ọ̀kadà nígbà tí mò ń bọ̀, mo ní láti wá ẹ̀wù mi kí n tó mọ èwo ni èmi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé
Wọ́n sanwó. Ó pé, kọ́bọ̀ kan kò yẹ̀. Purity dúpẹ́ fún sùúrù mi.
Wọn ò parọ́ fún mi rí: nọ́ńbà, àṣẹ, ojú, òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo yẹ tòde wò dáadáa.
Mo pe Ìbàdàn. Owó náà kò tó ojú kan.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé
Táyé pè. Ó ní ká fi èyí ta tẹ́tẹ́ wá ìyẹn tó lọ. Mo bú u dé gbòǹgbò, mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà mo ṣí Aláwọ̀-Ewé. Mo tì í. Mo tún ṣí i.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé
Gbogbo owó náà ti lọ tán. Èmi ni mo ta á, Táyé kò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà
Màmá ti di báàgì rẹ̀ láti àná. Ó ní kí n bá òun mú gèlè tó tàn dáadáa, kó lè jẹ́ ohun tí òun á kọ́kọ́ rí. Mo ránṣẹ́ sí Táyé. A kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sọ gbogbo rẹ̀, tiẹ̀ àti tèmi.
Màmá nawọ́, ó fọwọ́ kan orí mi, lẹ́yìn náà orí Táyé.
“Kẹ́hìndé, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Nígbà tó tọ́ ọ tó korò, ṣé kò ké sí ọ ni?”
Mo yára dáhùn. Mo ní kò ké, Màmá.
Táyé gbójú sókè. “Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan náà ní Oṣù Ọ̀pẹ,” ló wí. “O ní ò ń máàkì ìdánwò, pé wàá pè mí padà.”
Òótọ́ ni. Mò ń máàkì. Mi ò pè é padà.