Géètì Adágún Ìwẹ̀ Tó Ń Ti Ara Rẹ̀

Èmi, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Gúnrégé nítorí pé n kì í fi ògiri tó wọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, àti lọ́yà tó máa mójú tó o, ẹ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

1. Ilé tí mo ń gbé, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ilé ìdáná, di ti ìyàwó mi títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọkùnrin mi àti ọmọbìnrin mi jọ ni ín. Ẹni tó bá ní kí ìyá yín kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kò sí ìpín fún un.

2. Okùn, ṣọ́bìrì àti hámà mi di ti ọmọkùnrin mi. Mo mọ̀ pé kò ní lò wọ́n. Kí ó ṣáà má jẹ́ kí wọ́n dógùn-ún.

3. Ajá mi di ti ọmọbìnrin mi. Bí ó bá rí i tó ń ju ìrù sí géètì ẹ̀yìn nírọ̀lẹ́, tí kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀, kí ó má pariwo. Ẹni tó máa ń fún un ní eegun ló ń kí.

4. Adágún ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé di ti ìyàwó mi pẹ̀lú. Nítorí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ni mo ṣe gbẹ́ ẹ. Dókítà ní kí ó máa rìn nínú omi. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju bí mo ṣe máa ń sọ lọ, mo wá sọ ọ́ síbí kí lọ́yà lè lù ú lóǹtẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé omi nìkan ni adágún ìwẹ̀ nílò kò tíì rí wolé-wolé ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò. Kí a tó gbẹ́lẹ̀, ó wá wọn àyè láti ògiri aládùúgbò dé etí ihò. Kí a tó da kọnkéré, ó wá wo irin. Ó tún wá wo wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó wá ku géètì. Kò gbọdọ̀ sí omi nínú ihò náà títí géètì á fi máa ti ara rẹ̀, tí á sì máa ṣí síta, kí ọmọdé tó bá fara tì í láti ìta lè tì í pa dípò kó ré sómi.

Àbúrò mi, wẹ́dà tí wọ́n ń pè ní Oníná, tó máa ń fún ajá mi ní eegun, ló ṣe géètì náà. Ohùn wa jọra dé ibi pé ìyá wa kì í mọ èwo nínú wa ló ń jẹ́ òun. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀ ní apá ìta, láti fi ibi tí géètì máa ṣí sí hàn án. Lọ́dọ̀ àwa bíríkìlà, ibi tí ilà bá wà ni iṣẹ́ ń gbà. Lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gé sọnù. Ó bá gbé géètì kó máa ṣí sínú, sójú omi. Wolé-wolé wò ó, ó ní rárá, ó lọ. Mo ní kí àbúrò mi tún un ṣe, ó ní ojú mi ló wọ́, kì í ṣe géètì. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́. Ó ní ó di ọjọ́ tí òun bá kú. Àìsàn mú un lọ kí a tó parí ìjà. Èmi ni mo jàre, n kò yí i padà.

5. Géètì náà di ti ọmọbìnrin àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan dá a dúró.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a sin àbúrò mi, a ti ibi ìsìnkú dé, a bá géètì tó ń ṣí síta. Mo fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ó ṣì gbóná, ó jó mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi fi ń jó irin wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sì wà nínú àpò mi.

Wolé-wolé padà wá. Bó ṣe máa ń ṣe é ni pé á fa géètì síta díẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹnìkan á sì dúró nínú ọgbà adágún láti ké sí i pé ó ti wọ ìkọ́. Èmi ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wá bàtà. Kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà. Mo rí i tó jọ̀wọ́ géètì, tó dẹtí, tó mi orí bí ẹni tí a dá lóhùn, tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wa. N kò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí.

Láti ìgbà náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, géètì á ṣí díẹ̀, á tì, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. N kì í dáhùn. Ẹni tí a kò rí kì í peni ká jẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ò bẹ̀rù ní tirẹ̀, ó ní ọkọ òun kékeré ni. Ó tilẹ̀ dáhùn lọ́jọ́ kan pé ó ti wọ ìkọ́. Géètì tún ṣí. Ó ní ó hàn pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bi.

Ọmọkùnrin mi fẹ́ gé e sọnù. Èmi náà ti fẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọ̀sán tí òun fúnra rẹ̀ fi òkúta dá géètì dúró kó lè kó àga wọlé, tó sì gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ló forí lé ibẹ̀. A sáré, a kò lè bá a. Géètì pa dé níwájú rẹ̀, ọmọ náà ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a, ó ń sunkún. Orí ògiri ni a ti rí òkúta náà, níbi tí ọwọ́ mi kò dé.

6. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá sin mí, kí gbogbo yín jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Géètì á ṣí, á tì. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ké láti inú ọgbà pé ó ti wọ ìkọ́, ẹ má jẹ́ ẹ. Èmi ni. Ọmọ ìyá mi ti dúró pẹ́ jù. Bí ariwo bá tẹ̀ lé e, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ilà ṣọ́ọ̀kì ni a ń parí.

Mo fọwọ́ mi sí i, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2019.
Bàbá Gúnrégé, bíríkìlà.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Aránṣọ ojúlé kejì. Ìṣojú mi ló ṣe fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Wolé-wolé tó yẹ géètì náà wò, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìṣojú mi ni. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ nínú ọgbà.