Orúkọ Tí Mo Bá ní Mitla

Màmá mi,

Mo ti padà dé Houston láti Mexico, ara mi sì le, ẹ má ṣèyọnu. Ìlú àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Mitla ni mo lọ. Àwọn baba ńlá wọn to òkúta kéékèèké sára ògiri bí ẹni tó ń hun ẹní, láìlo símẹ́ńtì rárá.

Èmi àti Adétòkunbọ̀ la jọ fẹ́ lọ, nítorí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun ráyè. Níbi tí mo dé sí, obìnrin onílé gbé ìwé àlejò wá kí n kọ orúkọ mi. Ó ní, "Àwọn ará Houston kan wá lóṣù kejì." Mo wò ó, ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ mi ni: Adétòkunbọ̀ àti Helen. Helen ọ̀rẹ́ mi, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lóṣù kejì yẹn, Dallas ni ọkọ mi lóun ń lọ.

Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ tiwọn.

Lánàá ó bi mí pé, "Báwo ni Mitla?" Mo ní ó dára, ó yẹ kó lọ wò ó. Ó ní, "Tó bá yá."

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Èyítáyọ̀ àbúrò mi. Tí ọkọ mi bá pè yín lọ́jọ́ Sunday, ẹ ṣàdúrà fún un bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Ọmọ yín,
Olúbùkọ́lá