Ọkọ̀ Aláìsàn Tí Ọmọ Mi Ń Wà

Olóòtú ètò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí nìkan ni kí ẹ kà, ẹ má sọ ibi tí ó ti wá. Ẹnu ayé ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi ni ó ń wa ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn láti abúlé wa lọ sí ilé ìwòsàn tí ó jìnnà. Bí aláìsàn kò bá dé ibẹ̀ láàyè, ìjọba kì í san owó ìrìnàjò náà padà fún ọ̀gá àwọn awakọ̀, ọ̀gá a sì yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Nítorí náà ni ó ṣe ń wo ojú aláìsàn kí ó tó gbé e. Àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́ ní Wojú-kó-o-tó-gbé.

Mo gbọ́ tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà ń bá a wí lẹ́nu ọ̀nà wa: "Bó bá jẹ́ bàbá ẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi? Wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ àwọn."

Àyà ń dùn mí gidigidi báyìí, n kò sì tíì sọ fún un. Bí mo bá kú sílé, ayé á ní ó kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá kú sínú ọkọ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo gbé lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n pè é?

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá kà á tán, kí ẹ dáná sun ún. Ọmọ mi mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi.