Wọ́n Tú Àṣírí Màmá ní Òṣogbo

Ìlá Ọ̀ràngún

Ẹ̀gbọ́n mi Adétúnbọ̀,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Iṣu oko ta dáadáa lọ́dún yìí. Màmá ń lo oògùn wọn déédéé, wọ́n sì ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Àmọ́ inú ń bí mi. Iléeṣẹ́ tí ẹ ń gbà nímọ̀ràn, tí wọ́n ń bá èmi náà du oníbàárà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, pè mí sí Òṣogbo kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wọn fẹ́ fi hàn bí ẹ̀rọ wọn ṣe yá tó. Ó tẹ nǹkan kan, àkọsílẹ̀ aláìsàn kan láti ilé ìwòsàn ìlú wa sì yọ gàdàgbà lójú gbogbo èèyàn. Orúkọ Màmá ni, àti àìsàn tí wọn ò tíì sọ fáwọn àbúrò wọn pàápàá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo dìde, mo ní, "Ìyá mi nìyẹn. Ẹ mú un kúrò níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àpẹẹrẹ lásán ni, mà."

Nígbà tí mo délé, Màmá bi mí bóyá ìpàdé náà dùn. Mo ní ó dùn. Irọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mú wọn wọ ilé ìwòsàn náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì pe Màmá fúnra yín, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Èmi ò ní bá yín sọ ọ́ fún wọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lájò, á sì bo ilé wa láṣìírí.

Àbúrò yín,
Hadassah