Ọgọ́rùn-ún Wọlé, Ọgọ́rùn-ún Lé Méjìlá Jáde

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ó ti fi ìka mímu sílẹ̀? Orúnkún tó ń dun Màmá rẹ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, mo gbà á ládùúrà pé ó ti fúyẹ́. Ní tèmi, ara le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó fún ọ. Tí o bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, wọn ò tíì lé mi. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ni. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n rò fún ọ.

O máa ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an nínú yàrá tí a ti ń wọ aṣọ funfun àti ìbòmú yẹn. Asẹ́ ni. Nínú fóònù ọwọ́ rẹ, asẹ́ kan wà tí kò tó hóró ìrẹsì. Ìgbì tó wà nínú afẹ́fẹ́ pọ̀ jáǹrẹrẹ, òun ló ń ṣa tìrẹ sọ́tọ̀. Iná mànàmáná á wọlé, òòyà irin tín-ín-tín kan á sọ ọ́ di ìró tó ń gbọ̀n lọ lójú òkúta dídán kan, òòyà kejì á tún sọ ọ́ padà di iná. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìró náà máa ń jò lójú ọ̀nà. Tí ọgọ́rùn-ún bá wọlé, bí ọgbọ̀n á ṣòfò. Bátìrì á tètè kú, ìpè á máa já. Iṣẹ́ wa ni ká dín òfò yẹn kù.

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ó-Ti-Parí lẹ́yìn rẹ̀ torí ìyẹn ló fi ń gé gbogbo ọ̀rọ̀, kọ ìròyìn pé asẹ́ tuntun tí òun yà, méjìlá péré ló ń ṣòfò. (Má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pè é, ọ̀wọ̀ rẹ̀ náà ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì.) Inú gbogbo ilé iṣẹ́ dùn, àwọn tó ń ṣe fóònù sì ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Èmi ni mo wọn asẹ́ náà. Wáyà tí a fi ń so ó mọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n máa ń jẹ díẹ̀ nínú agbára, bí èyí tó gbà á kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń jẹ tó, a sì gbọ́dọ̀ yọ ohun tí wáyà jẹ kúrò kí a tó mọ ohun tí asẹ́ jẹ. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ṣírò rẹ̀ yọ. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tuntun dé, tó ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ yọ ọ́ tán, ọwọ́ mi tó ti mọ́ ọn lára tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì! Mọ́kànlélógún ni asẹ́ ọ̀gá ń pàdánù, kì í ṣe méjìlá.

Ọjọ́ tí mo rí i náà ni mo lọ sọ fún Ó-Ti-Parí. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọwọ́ ta ló yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?" Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, sà." Ó ní, "Orúkọ ta ló wá máa bàjẹ́? Fọwọ́ sí ìwé ìwọ̀n náà kí àlejò tó dé. Ó ti parí." Màmá mi náà ní kí n yáa fọwọ́ sí i, pé iṣẹ́ ò sí níta. Àṣìṣe mi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe láìmọ̀, ṣé kí n wá mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ ọ́ di irọ́? Láéláé! Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àlejò mẹ́ta dé. Ìyá àgbà kan tó so ìgò ojú kọ́ ọrùn ni ọ̀gá wọn. Ó-Ti-Parí ní kí n gbé asẹ́ sórí ẹ̀rọ. Mi ò gbé e. Mo so wáyà mọ́ wáyà, láìfi nǹkan kan sáàárín, mo sì ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìròyìn. Ọgọ́rùn-ún wọlé, ọgọ́rùn-ún lé méjìlá jáde. Mo ní, "Mà, tí ìṣirò yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé wáyà lásán wa ń dá agbára sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Bá wa di márùn-ún nínú wáyà yẹn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èwo wá ni ìwọ lè fọwọ́ sí?"

Oṣù mẹ́rin ni asẹ́ tí èmi fúnra mi yà ti wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì, torí Ó-Ti-Parí ní kí n yé fi àkókò ṣòfò. Mo ti ṣàkíyèsí pé orí eyín òòyà ni ìró ń gbà yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá jẹ́ kí orí eyín kọ̀ọ̀kan nípọn díẹ̀ láti dí i lọ́nà. Mo gbé e jáde, a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn, a yọ ti wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣòfò. Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i.

Ìyá náà mú ìwé ìwọ̀n mi lọ, mi ò sì tíì gbúròó wọn. Ó-Ti-Parí ní mo dójú ti òun lójú àlejò, pé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé kí n mú lẹ́tà ìtọrọ-àforíjì wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má padà wá mọ́. Ọ̀la ló pé. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí irú ẹ̀rọ yẹn mọ́. Síbẹ̀, màá lọ lọ́la, ọwọ́ òfìfo ni màá sì gbé lọ.

Bá mi kí Màmá, kí o sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má fi orúnkún yẹn gun àtẹ̀gùn. Kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá mi ló ra ìwé yìí pé kí n fi tọrọ àforíjì. Ìwọ ni mo fi kọ̀wé sí, ó sì ti kún báyìí. Orúkọ tí o sọ mí nílé ìwé ni mo fi fọwọ́ sí i, tinútinú ni:

                                        Tìrẹ ni mí láìyẹ̀,
                                        Olórí Kunkun.