Màmá Fágbénró Tí Ẹ̀yìn Wọn Máa Ń Yún: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn Láti Ilé Ìtura Abiyamọ

Ilé Ìtura Abiyamọ,
Ìlaròó, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Bàbá Ọdẹkúnlé Fágbénró, Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, àti gbogbo ẹbí Fágbénró ní Ìmáṣàyí.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ẹ̀rín tí kò ṣe é pa mọ́ láàárín ẹkún, ni àwa ìgbìmọ̀, òṣìṣẹ́ àti àwọn ìyá tó wà ní Ilé Ìtura Abiyamọ fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́mi Fágbénró, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aya, ìyá àti ìyá àgbà rere, tí wọ́n dágbére fáyé lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Bí ẹ̀rín bá yọjú nínú ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àìmọ̀wàáhù. Ẹni tó bá bá Màmá gbé mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè rò wọ́n lọ jìnnà kí ẹ̀rín má bọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Níṣojú wọn la ti ń yìn wọ́n, níṣojú wọn náà la sì ti ń bá wọn jiyàn. Bí ìgbìmọ̀ bá ṣe ìpàdé tí a fẹnu kò sí ohun kan, Màmá á mi orí tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì lọ ṣe èyí tó ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọ ọgbà wa, Àpèkẹ́ ni Màmá ń pè é, nítorí oríkì tiwọn nìyẹn, wọn kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ jẹ́ nǹkan mìíràn.

Kí Màmá tó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ wa kò ju ààbọ̀ lọ. Àwọn ìyá tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún ni à ń gbà sílé yìí, àwọn àti ọmọ wọn kéékèèké. Nọ́ọ̀sì wa ń tọ́jú wọn, a ń bá wọn sọ̀rọ̀, ara wọn sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò sún mọ́ wọn. Màmá wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan láti fi aṣọ tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti wọ̀ kúrò ta wá lọ́rẹ, wọ́n sì bá wa nídìí ìwẹ̀ àárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń wẹ àwọn ọmọ. Àwọn ìyá fara ti ògiri bí ẹni tó wá ṣe àlejò. Màmá bèèrè ìdí. A ní ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kí ọmọ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá wò wá títí, wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ń retí kó mọ ìyá rẹ̀?” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ara wa.

Gbogbo wa la mọ bí abiyamọ ṣe ń wẹ ọmọ nílẹ̀ wa: á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, baṣíà omi lọ́wọ́ọ́wọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí Màmá fi kún un ni àpótí kejì, tó ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n gbé sẹ́yìn ìyá ọmọ. Wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n á sì di ìyá ọmọ mú ní ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ mẹ́rin ló ń wẹ ọmọ kan. Bí ti ìyá bá gbọ̀n, ti Màmá á gbé e dúró. Kànìnkàn á lọ, á bọ̀, ọmọ á ké, wọ́n á bu omi sí i lórí, wọ́n á kì í, wọ́n á fi àdí pa á lára. Ìyá rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ náà ló sì ń wò.

Tó bá wá di ìgbà kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Màmá á ní ẹ̀yìn ń yún àwọn. Wọ́n á yọ ọwọ́ kan láti họ ọ́. Ọwọ́ yẹn kì í tètè padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yìn á tún yún wọn lápá kejì. Ìyá ọmọ á máa wẹ ọmọ lọ, á máa rò pé Màmá ṣì di òun mú. Ìgbà tí ọmọ bá mọ́ tónítóní tán ni yóò tó rí i pé òun nìkan ló wẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ṣàánú Màmá, ó lọ ra ìpara fún ara yíyún wá fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì jù ú sínú báàgì.

Ẹ̀yin ẹbí lè má mọ Toheebat láti Ẹ̀gùá, ṣùgbọ́n òun mọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí Màmá kì í yé dárúkọ yín. Sódábì ni Toheebat ń tà, ọtí líle tí wọ́n ń gbé wá láti òdìkejì ibodè. Díẹ̀díẹ̀ ló di pé ohun tó ń tà kò tó ohun tó ń mu. Ọmọ rẹ̀, Azeezat, kò ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá ọkọ Toheebat, Ìyá Husain, gbé ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A kò bá wọn wí. Ọmọ la kọ́kọ́ ń gbà là. Nígbà tí Toheebat dé ọ̀dọ̀ wa, tó sì ti fi ọtí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Ìyá Husain gbà kí ọmọ wá bá a gbé, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn yóò wá fojú ara wọn rí i. Bí ìyá kò bá lè dá ọmọ rẹ̀ wẹ̀, Ẹ̀gùá ni ọmọ yóò máa gbé títí lọ. Azeezat ti ń rákòrò nígbà yẹn. Bí Toheebat bá nawọ́ sí i, igbe ló ń ké.

Toheebat sọ fún wa pé òun kì í sùn dáadáa ní gbogbo àkókò náà. Ẹ̀rù ọtí kọ́ ló ń bà á mọ́, ẹ̀rù ìwẹ̀ ni. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ṣe é gbára lé.

Ìyá Husain dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan láìránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ká apá pọ̀. Ọwọ́ mẹ́rin ló ṣì ń wẹ Azeezat nígbà yẹn. Toheebat tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, Màmá sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Ìyá Husain wò wọ́n títí, wọ́n ní, “Ẹ má bínú o, Màmá. Ọwọ́ ta ni ń wẹ ọmọ yìí gan-an?” Màmá kò lè purọ́, wọn kò sì fẹ́ kí Toheebat tẹ́. Ni wọ́n bá yọ ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, “Ẹ̀yìn ń yún mi.”

Èrò Màmá ni pé bí ọwọ́ Toheebat bá gbọ̀n, àwọn yóò tètè dá tiwọn padà. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni Ìyá Husain, wọn kò lè jókòó kí ẹni tó jù wọ́n lọ máa bá ẹ̀yìn ara rẹ̀ jìjàkadì. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sẹ́yìn Màmá, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ n bá yín họ ọ́. Apá ibo ni?” Ọ̀rọ̀ wá di ẹtì. Bí Màmá bá ní kò yún àwọn mọ́, àṣírí tú. Wọ́n ní apá òsì ni. Ìyá Husain họ ọ́. Wọ́n ní kó lọ sókè díẹ̀. Ìyá Husain, tí ọwọ́ wọn ti le nídìí iṣẹ́ oko, họ ọ́ tọkàntọkàn, Màmá sì ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ń gé ètè jẹ.

Kò sí ẹni tó rántí Toheebat. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ bọ́, ó he é. Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọṣẹ kún un lára, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò ṣan án nù. Kò rí ohun tó lè ṣe ju kó máa kì í lọ. Azeezat dákẹ́ igbe, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Husain yóò fi rántí ohun tí wọ́n bá wá, tí wọ́n yọrí láti ẹ̀yìn Màmá, ọmọ ti wẹ̀, ó ti kun àdí àti páúdà, ó ti gbórí lé ìyá rẹ̀ láyà, oorun sì ti ń gbé e lọ.

Wọ́n bèèrè pé, “Ta ló wẹ̀ ẹ́?”

Toheebat ní, “Èmi ni, mà.”

Ìyá Husain fọwọ́ kan ọmọ náà lórí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ̀gùá kò jìnnà. Kí ẹ jọ máa wá kí mi.” Wọ́n wọ mọ́tò padà láìgbé ọmọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìpara inú báàgì wúlò fún Màmá. Azeezat ti wà nílé ìwé báyìí, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wẹ òun mọ́, pé òun ti dàgbà.

Bàbá Fágbénró, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa àti ẹ̀yin. Àpótí gíga tí Màmá ń jókòó lé, a mọ̀ pé tiyín ni, pé orí rẹ̀ lẹ ti ń gba afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́, àti pé Màmá ní kí ẹ yá àwọn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọdún kẹjọ rèé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ránṣẹ́ béèrè rẹ̀ ni Màmá ń ní àwọn yóò gbé e bọ̀ lọ́la. Ẹ fara dà á fún wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní àárọ̀ tí ìròyìn dé láti Ìmáṣàyí pé Màmá sùn, wọn kò sì jí, omi ìwẹ̀ ti gbóná. Kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmilọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ayétòrò, ti jókòó sórí àpótí kékeré, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì gbọ́. Màmá ló ń retí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ̀rù bà wá, a kò fẹ́ parọ́ fún yín. Ó dà bíi pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà yóò parí sí.

Toheebat, tó ti di òṣìṣẹ́ wa báyìí, ló fi ìborùn nu ojú, ó jókòó sórí àpótí Màmá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Omijé rẹ̀ ń kán sí èjìká Fúnmilọ́lá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Wọ́n jọ wẹ ọmọ náà títí ó fi mọ́. Ní òwúrọ̀ òní tí à ń kọ̀wé yìí, a wà nínú ọ́fíìsì nígbà tí a gbọ́ ohùn Toheebat láti ẹ̀yìnkùlé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ń yún mi.” Lẹ́yìn náà la bú sẹ́rìn-ín, tí a sì sunkún.

Nítorí náà, a jẹ́jẹ̀ẹ́ fún yín pé ìwẹ̀ ọlọ́wọ́ mẹ́rin kò ní í dáwọ́ dúró nílé yìí. A ó wà ní Ìmáṣàyí lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ wọn lẹ́yìn wọn, a ó bá yín dáná, a ó bá yín fọ abọ́. Lẹ́yìn tí àlejò bá túká, tí ilé bá dá, a ó ṣì máa wá, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ ọlọ́fọ̀ máa ń gbọ̀n. Ní ti àpótí, Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ wa. A ti ra àga onítìmùtìmù kan dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, ọmọ yín, yóò gbé e wá sílé fún yín.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó jókòó sẹ́yìn yín ní àsìkò yìí, ẹ̀yin ọkọ, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, kí Ó sì di ìgbọ̀nwọ́ yín mú. Kí ẹ̀yìn má yún Un títí ọwọ́ yín yóò fi dúró.

Fẹ́yìsayọ̀ Adébánjọ,
Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo Ilé Ìtura Abiyamọ.