Ààlè tí Mo So Sẹ́nu Ọ̀nà Ọ̀gá Yín

Ìjẹ̀dé, lẹ́bàá Ìkòròdú,
Oṣù Kẹjọ, 2004.

Ṣẹ̀rífátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kánò? Ṣé oòrùn ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di ẹja gbígbẹ? Ọlọ́run Ọba tó mú ọ débẹ̀ yóò mú ọ bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀, àmín. Gbogbo wa ń bẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ sì ti bímọ. Ǹ bá ti fi fóònù Oríyọmí àbúrò rẹ bá ọ sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Kánò kí ohùn mi má baà ṣìnà, àmọ́ ó ní owó inú rẹ̀ ti tán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, n kò rí ihò tí owó ń gbà wọlé, mo bá mú bírò.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́sí, pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yín fẹ́ kí gbogbo yín fọwọ́ síwèé, kí wọ́n gé owó oṣù yín, kí ẹ sì gbàgbé owó ìfẹ̀yìntì, pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lára. O ní tí ìwé náà bá dé Kánò, ìwọ yóò fọwọ́ sí i, torí iṣẹ́ ò sí níta. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà wa níbí, àgbà tí kò lè ju àwọ̀n mọ́, bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ẹja tirẹ̀ la kọ́kọ́ ń yọ. Ọlọ́kọ̀ wo ló wá fẹ́ jẹ ẹja àwọn arúgbó?

Mo bá wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, ó di Ìkẹjà. Nígbà tí mo dé olú ilé iṣẹ́ yín, mo bá àwọn òṣìṣẹ́ níta, ara wọn ni wọ́n ń bá jà dípò ọ̀gá. Ọláòtán, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ní òun ò ní fọwọ́ síwèé kankan, kí ilé iṣẹ́ náà kúkú wó. Morìnsọ́lá, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ní ẹni tí kò lọ́mọ níléèwé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ tó ń san díẹ̀ sàn ju ìjókòó lọ. Bàbá Adéòjó, tí wọ́n ti dá dúró láti èṣí, tí kò tíì rí kọ́bọ̀ gbà, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní nígbà tí wọ́n lé àwọn, ta ló sọ̀rọ̀? Ó ní kí àwọn tó kù náà tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Mo béèrè ibi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́, kí n lè so ààlè mọ́ ọn, bí a ṣe ń ṣe fún ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ. Wọ́n ní ọkọ̀ wà lókè. Mo gbójú sókè, n kò rí okùn kankan. Mo bá so ààlè mi mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà wọlé: màrìwò, àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti àjákù sálúbàtà mi. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé mùsùlùmí ni mí. Àmì lásán ni, pé nǹkan yìí lólóhun. Mo rò pé àwọn tó kàwé yóò fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín! Máígáàdì gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn. Inú ilé ni tábìlì ìfọwọ́síwèé wà, kò sì sẹ́ni tó kọjá lábẹ́ màrìwò lọ síbẹ̀. Morìnsọ́lá ní orúkọ Jésù ju gbogbo orúkọ lọ, nǹkan kan ò lè ṣe òun, àmọ́ òun á ṣì dúró díẹ̀ ná. Ọ̀gá yọjú láti inú, ó rí i, ó padà. Ó pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, wọ́n wò ó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, wọ́n bá tiwọn lọ. Inú mi dùn pé àwọn ará ìlú ńlá ṣì ní ìwà ọmọlúàbí tó báyìí.

Nígbà tí kò wá sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbà wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Morìnsọ́lá ní kí wọ́n yọ̀ǹda díẹ̀ nínú owó oṣù fúngbà díẹ̀. Ọláòtán rojú rojú, ó gbà, tí wọn ò bá ti fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì, tí wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni dúró. Wọ́n fa Bàbá Adéòjó dìde, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bínú, pé owó tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọkùnrin náà sunkún. Gbogbo wọn lọ sábẹ́ fèrèsé ọ̀gá, ohùn kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn. Ọ̀gá gbà! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó nà án sí wa lójú fèrèsé. Ariwo tó sọ níbẹ̀, mo rò pé ẹ gbọ́ ọ ní Kánò. A ti ṣẹ́gun, Ṣẹ̀rífátù! Ìwé tí wọ́n bá gbé wá bá ọ, tí owó ìfẹ̀yìntì ò bá sí nínú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ilé ìdáná wa, ìyá rẹ ò sì dákẹ́. Mo tún ń wá owó ọkọ̀ Ìkẹjà, torí ẹni tó so ààlè ló ń tú u, mo sì ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí Bàbá Adéòjó bá gbowó ni n ó wá. Ó gbà á lánàá. Ọlọ́run yóò dá ọ sí, wàá gbó, wàá tọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìjẹ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí owó ọkọ̀ yẹn pẹ́ o. Wọ́n ní ojú fèrèsé ni ọ̀gá yín ṣì ń gbà wọ ọ́fíìsì, ọkùnrin náà sì sanra, àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fàsásì.